Ǹjẹ́ Gẹ̀ẹ́sì Ni Òṣùwọ̀n Ọgbọ́n?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá sínú ìwé wa ní oṣù yìí kì í ṣe ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Inú ilé tèmi ni ó ti ṣẹlẹ̀, ojú sì tì mí fún ìgbà pípẹ́ kí n tó lè kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ọdún tó kọjá, ìyá mi ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá wò wá ní Kánò. Ìyá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì ń ríran, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ dáadáa. Bí ó ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tí ó rí ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 9, ó na ọwọ́ sí i, ó ní, "Àkànní, Àkànní ọmọ mi, wá gba ẹrù lọ́wọ́ mi." Ọmọ náà dúró. Ó wo ẹ̀yìn bí ẹni pé Àkànní kan wà níbẹ̀. Kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè. Nígbà tí ó ṣe, ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó sì bi í ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni màmá àgbà ń wí.

Ọjọ́ méjì lọ báyìí. Màmá á sọ̀rọ̀, ọmọ á rẹ́rìn-ín, á sì sá lọ sí ìdí tẹlifíṣọ̀n. Ní ọjọ́ kẹta, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá àwọn méjèèjì lórí ẹní nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Mo tẹ́tí sílẹ̀. Èdè Haúsá ni wọ́n ń sọ! Ìyá mi ti ta aṣọ ní ọjà Sábọ̀n Gàrí kí ó tó bí mi, kò sì tíì gbàgbé èdè tí ó fi ná ọjà. Ọmọ náà ní tirẹ̀ kọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ àdúgbò tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Ìyá bàbá àti ọmọ ọmọ rẹ̀, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, èdè onílé ni wọ́n yá lò kí wọ́n tó lè mọ ara wọn. Ìyá mi gbé ojú sókè, ó wò mí, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo ti ná ọjà ìlú yìí rí." N kò rí èsì kankan fún un.

Ta ni ó jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ọmọ kọ́. Ọmọ kì í yan èdè fún ara rẹ̀; ohun tí a bá fi bọ́ ọ ni yóò jẹ. Èmi àti ìyá rẹ̀ ni a pinnu, kí ó tó pé ọdún kan, pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a ó máa bá a sọ. Kò sí ẹni tí ó fi agbára mú wa. A rí i pé àwọn ará ilé kejì ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ wọn sì ń dáhùn bí ọmọ Òyìnbó nígbà tí àlejò bá dé. Nígbà tí tiwa náà fi pé ọdún mẹ́rin, tí ó dúró níwájú ìjọ tí ó ka ẹsẹ Bíbélì kan sórí ní Gẹ̀ẹ́sì láìṣìṣe, ẹ̀yin kan nínú yín ni ẹ wá bá mi, tí ẹ ní, "Ọmọ yìí gbọ́n o!" Inú mi dùn. N kò bi ara mi léèrè nígbà náà pé kí ni a fi wọn ọmọ náà tí a fi mọ̀ pé ó gbọ́n. Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí gbọ́: n kò bú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni mo fi ń jẹun. Ìwé tí mo ń kọ ní ọ́fíìsì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 55, sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ilé aṣòfin ní Àbújá yóò máa fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀, àti Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá nígbà tí a bá ti ṣe ètò tí ó tó fún un. Gẹ̀ẹ́sì ni a ṣì ń gbọ́ níbẹ̀. Ọmọ tí kò bá rí kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì nínú ìdánwò WAEC tàbí NECO, agbára káká ni yóò fi rí yunifásítì tí yóò ṣílẹ̀kùn fún un, ìbáà mọ ìṣirò bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ̀ pé ìwé ẹrù tí ó bá ti èbúté Apápá wá, èdè kan náà ni wọ́n fi kọ ọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dúró lórí pèpéle, tí ó ń sọ fún ọmọ tálákà pé kí ó pa Gẹ̀ẹ́sì tì, tí ọmọ tirẹ̀ sì wà ní ilé-ìwé olówó gọbọi níbi tí wọ́n ti ń fi í kọ́ ọ, ẹlẹ́tàn ni onítọ̀hún. Kí a kọ́ ọ, kí a sì kọ́ ọ dáadáa. Ohun tí mo ń bi yín ni bóyá ó tọ́ kí a sọ ohun èlò iṣẹ́ di òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ẹni tí ó ni èdè náà lónìí. Ní ọdún 1985, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ń jẹ́ Braj Kachru, ọmọ Kashmir ní ilẹ̀ Íńdíà, tí ó ń kọ́ni ní Amẹ́ríkà, pín àwọn tí ń lo Gẹ̀ẹ́sì sí agbo mẹ́ta. Agbo àkọ́kọ́ ni àwọn tí a bí sínú rẹ̀, bí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Agbo kejì ni àwa tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jẹ lé lórí, tí èdè náà sì wà ní ọ́fíìsì àti ilé-ìwé wa: Nàìjíríà, Gánà, Kẹ́ńyà, Íńdíà. Agbo kẹta ni àwọn tí ń kọ́ ọ nítorí òwò àti ìmọ̀, bí àwọn ará Ṣáínà àti Jàpáànù. Bí a bá pa agbo kejì àti ìkẹta pọ̀, wọ́n pọ̀ ju agbo àkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Ìyẹn ni pé nígbà púpọ̀ tí a bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láyé lónìí, kò sí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kankan nítòsí.

Ẹ̀gbọ́n kan nínú ìjọ wa, tí ó ń ra bàtà ní Guangzhou ní ilẹ̀ Ṣáínà, ṣàlàyé fún mi bí wọ́n ti ń ná ọjà níbẹ̀. Ọmọ Ṣáínà á sọ Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀, òun náà á sọ tirẹ̀; bí ọ̀rọ̀ bá dé orí iye owó, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀rọ ìṣirò, wọ́n á sì yí i sí ara wọn. Kò sí ẹni tí ó ń wò ó bóyá ẹnì kejì fi lẹ́tà "s" sí ìdí ọ̀rọ̀ tàbí kò fi í sí i. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá wọ́n gbọ́ ara wọn yé, àti bóyá bàtà tí yóò dé Kánò ni bàtà tí wọ́n fi han òun.

Àwọn onímọ̀ èdè ti lọ wádìí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò. Jennifer Jenkins kọ ìwé kan jáde ní ọdún 2000, ó sì fi hàn níbẹ̀ pé ìró tí a ń kọ ní "th", èyí tí ó fi ẹgba jẹ púpọ̀ nínú wa ní ilé-ìwé, kì í sábà dí òye lọ́wọ́ nígbà tí àwọn tí a kò bí sínú Gẹ̀ẹ́sì bá ń fi í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní ìlú Vienna, Barbara Seidlhofer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ jáde títí ó fi tó mílíọ̀nù kan ọ̀rọ̀. Wọ́n rí i pé ẹni tí ó bá gbàgbé "s" ìdí ọ̀rọ̀ yẹn, ẹnì kejì rẹ̀ á gbọ́ ọ yé bí ẹni pé kò gbàgbé nǹkan kan. Síbẹ̀, lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, bí olùkọ́ kan bá pe ẹẹ́ta ti Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni pe igi ti Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ tí kò tíì mọ imú fọn yóò máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí sáà yóò fi parí, àwọn òbí wọn yóò sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé bí a bá ti lè sọ ọ́ dé góńgó wọn yóò gbà wá sí agbo àkọ́kọ́, kí ó bi àwọn ọmọ wa tí ń lọ kàwé ní ìlú Òyìnbó. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní àkọsílẹ̀ kan fún àwọn tí ń gba ìwé àṣẹ ìwọ̀lú, níbi tí wọ́n ti to àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n gbà pé Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wọn ń sọ. Jàmáíkà wà níbẹ̀, Málítà wà níbẹ̀. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn yunifásítì kan ń gba èsì WAEC wa. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti jẹ́léósinmi títí ó fi gba oyè ni ó ṣì ń san owó ńlá láti jókòó ṣe ìdánwò IELTS. Lẹ́yìn ọdún méjì èsì náà á sì kú, bí ẹni pé èdè a máa kan bí ọbẹ̀ àná. Òṣùwọ̀n tí a fi ń yangàn sí ara wa nílé, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó wà.

Ó ti pẹ́ tí a ti ń fi òṣùwọ̀n yìí ṣe ara wa ní ibi. Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ "fànákúlà". Àwa ọmọdé rò pé èébú ni ọ̀rọ̀ náà, a kò mọ̀ pé èdè àwọn ìyá wa ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Èmi ni mọ́nítọ̀ kíláàsì, iṣẹ́ mi sì ni láti kọ orúkọ ẹni tí ó bá ṣẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wa tí ó mọ ìṣirò ju gbogbo wa lọ. Bí olùkọ́ bá kọ ọ́ sójú pátákó, ọmọ náà á ti rí ìdáhùn kí àwa tó da nọ́ńbà rẹ̀ kọ tán. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ó dìde ṣàlàyé, á dúró bí òpó, nítorí kò rí Gẹ̀ẹ́sì tí yóò fi gbé e jáde. Ní ọjọ́ kan ó gbàgbé ara rẹ̀, ó fò dìde, ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo kọ orúkọ rẹ̀. Ẹgba mẹ́fà ni wọ́n nà án. Láti ọjọ́ náà kò dáhùn ìbéèrè mọ́, ó sì fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì karùn-ún. Bí mo bá sọ pé òfin ni mo tẹ̀ lé, òótọ́ ni mo sọ. Ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ pé, mo sì mọ̀ pé ó pé nígbà tí mo ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ngũgĩ wa Thiong'o, òǹkọ̀wé ará Kẹ́ńyà tí ó kú ní ọdún 2025, sọ nínú ìwé kan tí ó kọ ní ọdún 1986 pé bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni wọ́n ṣe sí àwọn tí wọ́n bá gbọ́ èdè Gĩkũyũ lẹ́nu wọn ní ilé-ìwé. Ìwà náà kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Áfíríkà. Ní ilẹ̀ Wales, tí ó fara kan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ilé-ìwé kan wà láyé àtijọ́ tí wọ́n ń fi igi pẹlẹbẹ kọ́ ọrùn ọmọ tí ó bá sọ èdè bàbá rẹ̀. Ọmọ náà á máa ṣọ́ ẹlòmíràn tí yóò ṣẹ̀ kí ó lè gbé igi náà kọ́ tirẹ̀ lọ́rùn, ẹni tí igi bá sì bá nílẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé bá fẹ́ jáde ni yóò jẹ ẹgba. Lónìí, àwọn ilé-ìwé ìjọba wà ní Wales tí a ti ń fi èdè ibẹ̀ kọ́ ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ náà sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹnì kan lè ní, "Bàbá, àánú ni èyí, ẹ̀rí dà?" Ẹ̀rí wà, ilé wa ni ó sì wà. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, tí a ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti ọdún 1987, bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ni olórí rẹ̀. Ford Foundation ti Amẹ́ríkà fi owó ràn án lọ́wọ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, wọ́n sì kọ ìwé tuntun fún un. Gẹ̀ẹ́sì kò sọnù: wọ́n kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, lọ́wọ́ olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dájú. Àwọn ọmọ mìíràn gba ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ń gbà, Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n wọ̀n wọ́n wò, àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ títí dé òpin ni ó ṣe dáadáa jù, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Ọmọ tí ó bá ti mọ ohun tí ìdá mẹ́ta nǹkan jẹ́, orúkọ rẹ̀ nìkan ni ó kù kí ó kọ́ ní èdè mìíràn. Ọmọ tí kò mọ nǹkan náà, tí ó sì tún ń wá orúkọ rẹ̀, ẹrù méjì ni a dì lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà, a sì wá ń sọ pé orí rẹ̀ kú.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ títí dé kíláàsì kẹfà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Alausa, kéde ní Àbújá pé a ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí ó sọ ni pé níbi tí wọ́n ti lo èdè abínibí jù, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún ipò rẹ̀, n kò gbà. Ọmọ tí ó jókòó ṣe WAEC láàárín ọdún mẹ́ta yẹn ti kúrò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí a tó fi ọwọ́ sí òfin náà. Báwo ni òfin tí kò bá ọmọ níbẹ̀ yóò ṣe mú un fìdí rẹmi? Ìwé kò tó, olùkọ́ tí a kọ́ fún un kò tó, a kò sì dúró kí a rí ọmọ kan ṣoṣo tí ó ti inú rẹ̀ jáde.

Ṣùgbọ́n àwa tí a wà ní Òkè Ọya, ibo ni ọ̀rọ̀ yìí ti bá wa? Láti ọdún 1977 ni ìwé ètò ẹ̀kọ́ ti ń sọ nípa èdè abínibí ọmọ tàbí èdè àdúgbò tí ó ń gbé. Ní Kánò, Haúsá ni èdè àdúgbò, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Hans Vischer, tí àwọn ará Kánò ń pè ní Ɗan Hausa, dá ilé-ìwé ìjọba sílẹ̀ ní Nasarawa ní ọdún 1909, Haúsá ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀. Nítorí náà, bí òfin ọdún 2022 bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, Haúsá ni ọmọ mi ì bá máa fi kọ́ ìṣirò. Nígbà tí wọ́n sì fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni. Nínú méjèèjì, kò sí ẹni tí ó rántí Yorùbá fún un. N kò lè bínú sí ẹnikẹ́ni nítorí ìyẹn. Ìlú onílùú ni a wà.

Ohun kan tilẹ̀ wà tí ó máa ń da ọkàn mi rú. Wo kíláàsì kan ní Sábọ̀n Gàrí: ọmọ Yorùbá wà níbẹ̀, ọmọ Ìgbò wà níbẹ̀, ọmọ Ìdómà, ọmọ Tiv, ọmọ Haúsá. Èdè ta ni olùkọ́ yóò mú, tí ẹlòmíràn kò ní sunkún? Àwọn kan ní Gẹ̀ẹ́sì ni ìdájọ́ òdodo níbẹ̀, nítorí kì í ṣe èdè ìyá ẹnikẹ́ni, gbogbo wọn á sì jọ bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìlà kan náà. Mo gbà á tó ìdajì. Kò sí ẹ̀yà kan tí ó gba ipò lọ́wọ́ èkejì, ìyẹn jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ojú ìlà náà kò dọ́gba. Ọmọ ọ̀gá ọ́fíìsì ti ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti inú àtẹ́sùn. Ọmọ alábàárù, ìdí pátákó kíláàsì ni yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ohun tí ó dà bí òdodo láàárín ẹ̀yà sí ẹ̀yà ni ó wá di ìrẹ́jẹ láàárín olówó àti tálákà. N kò ní oògùn rẹ̀ lápò. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sí ilé-ìwé kan ní ìlú yìí tí yóò bá wa kọ́ ọmọ wa ní Yorùbá, bí ìjọba yí òfin lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ọwọ́ wa ni ó kù sí, nínú ilé wa àti nínú ìjọ yìí.

Nínú ìjọ yìí pẹ̀lú, ǹjẹ́ a mọ́? Ẹ rántí ìpàdé wa ti ìparí ọdún. Akọ̀wé ka ìṣirò owó fún wa ní Gẹ̀ẹ́sì, ó kà á dáradára, a sì pàtẹ́wọ́. Bàbá kan tí ó ń ta irin àti símẹ́ǹtì, tí kò ka ìwé rárá, yí sí ọ̀dọ̀ mi, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ohun tí wọ́n kà ní Yorùbá." Mo sọ ọ́ fún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ka ìka ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀, ó ní kò pé. A tún un yẹ̀ wò: owó àga tí a ra ni wọ́n ṣèèṣì kọ lẹ́ẹ̀méjì. Kò sí olè níbẹ̀, àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n àwa tí a gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà yékéyéké, kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó rí i. Bàbá yìí ti ń bá wa jókòó ní ìpàdé láti ọdún mẹ́rin láìsọ ohunkóhun, a sì ti rò pé kò ní nǹkan láti sọ. "Púrúǹtù" ni mo gbọ́ tí ọ̀dọ́mọdé kan pè é lẹ́yìn rẹ̀ rí, n kò sì bá a wí. Ẹ wo iye ọgbọ́n tí ó ti lè bọ́ sọnù lọ́wọ́ wa ní ọdún mẹ́rin.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà níwájú ìgbìmọ̀ wa báyìí, pé kí kíláàsì àwọn ọmọdé di Gẹ̀ẹ́sì pátápátá. Àwọn ọ̀dọ́ wa tí ó mú un wá kò burú, àánú àwọn ọmọ ni ó ń ṣe wọ́n. Wọ́n ní àwọn ọmọ ń jókòó bí odi nígbà tí a bá ń ka Bíbélì Yorùbá, àti pé ẹni tí kò gbọ́ kò lè gbàgbọ́. Òótọ́ ni. Bí mo bá ní kí a kọ̀ fún wọn, ọmọ tèmi gan-an ni n ó fìyà jẹ. Ṣùgbọ́n kí a rántí ẹni tí ó fún wa ní Bíbélì náà. Ọmọ Òṣoogùn ni Sàmúẹ́lì Àjàyí Crowther. Wọ́n mú un lẹ́rú ní ọdún 1821, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní ọdún 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì títí ó fi mọ̀ ọ́n ju púpọ̀ nínú wa lọ. Òun kan náà ni ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde ní ọdún 1843, Bíbélì tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ sì parí ní ọdún 1884. Èyí tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti ọdún 1846, nígbà tí ó rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn ọdún 25 tí ogun ti yà wọ́n. Àlùfáà tí ó wọ aṣọ Òyìnbó ni, ó sì lè wàásù níwájú ẹnikẹ́ni ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí ẹni tí ó ní láti ṣe ògbifọ̀ láàárín òun àti ìyá rẹ̀.

Nítorí náà, bí ìgbìmọ̀ bá bi mí, ohun tí n ó sọ ni pé kí a fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí kíkà rẹ̀, orin rẹ̀ àti ìkíni rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, kí a sì fi wákàtí kan kún un lẹ́yìn ìsìn fún kíka ìwé Yorùbá. Èmi yóò jókòó tì wọ́n. Bàbá onísímẹ́ǹtì ti ní òun yóò wá kọ́ wọn ní òǹkà, kí wọ́n mọ ìdí tí a fi ń pe 45 ní márùn-ún-dín-láàádọ́ta. Ó ní ọmọ tí ó bá lè ka owó bẹ́ẹ̀, kò sí ọmọ ọjà tí yóò rẹ́ ẹ jẹ.

Ní ilé wa, a ti bẹ̀rẹ̀. Ó nira ju bí mo ti rò lọ. Ọmọ tí ó ti pé ọdún 9 kì í fẹ́ kí a rẹ́rìn-ín òun, mo sì ti kìlọ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ẹni tí ó bá fi Yorùbá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ yóò fọ abọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé gbogbo ni ó ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ń ròyìn ohun kan tí ó wọ inú bàtà rẹ̀ fún un, ó sì dé ibi orúkọ ẹranko náà, kò rí i. Ó pè é ní *ƙadangare* bí àwọn ọmọ àdúgbò ti ń pè é. Mo gbọ́ ohùn ìyá mi nínú tẹlifóònù: "Aláǹgbá ni, Àkànní. Aláǹgbá." Ó ní kí ó tún un pè kí òun gbọ́. Ó tún un pè, ó sì ń bá ìròyìn rẹ̀ lọ.